Bí wọ́n ṣe bu omi náà: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ òjé nínú omi ẹ̀rọ ìlú Flint

Lọ́dún 2015, èsì méjì jáde lórí òjé inú omi ẹ̀rọ ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Èyí tí ìlú fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé 11 ni. Èyí tí àwọn olùwádìí yunifásítì Virginia Tech gbé jáde sọ pé 27 ni. Máíkírógíráàmù òjé nínú lítà omi kan, ìyẹn µg/L, ni wọ́n fi ka méjèèjì. 15 ni òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà fi lélẹ̀: bí èsì ìlú kan bá ti kọjá rẹ̀, dandan ni kí ìlú náà gbé ìgbésẹ̀. Òṣùwọ̀n àjọ ìlera àgbáyé WHO kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, 10 ni, 10 náà sì ni ti Nàìjíríà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka òjé nínú yàrá ìwádìí kò ṣègbè fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ilé ìdáná ni ọ̀nà ti pínyà, nígbà tí oníkálukú ń bu omi sínú ìgò. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ yìí yóò fi pẹ́ nídìí ìgò ju nídìí ìṣèlú lọ. Àwọn tó ti sọ ti ìṣèlú kò kéré.

Bí omi ṣe yí padà

Flint wà ní nǹkan bí kìlómítà 110 sí àríwá ìwọ̀-oòrùn Detroit. Ibẹ̀ ni wọ́n dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ General Motors sílẹ̀ lọ́dún 1908. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ ń búrẹ́kẹ́, lọ́dún 1960, àwọn ará ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200,000. Nígbà tó fi máa di 2014, wọn kò pé 100,000 mọ́. Páìpù tí wọ́n rì fún èrò rẹpẹtẹ ni ìwọ̀nba èèyàn ń lò, omi a sì máa pẹ́ nínú páìpù kó tó débi tó ń lọ. Omi tó bá pẹ́ nínú páìpù ń pàdánù kilóríìnì, irin àti òjé sì ń ráyè wọ inú rẹ̀.

Láti 1967 ni Flint ti ń ra omi adágún Huron lọ́wọ́ Detroit. Lọ́dún 2013, nígbà tí ìlú wà lábẹ́ alábòójútó pàjáwìrì tí gómìnà yàn nítorí gbèsè, wọ́n pinnu láti dara pọ̀ mọ́ páìpù tuntun kan tí àwọn ìjọba àgbègbè náà ń fà bọ̀ láti adágún yìí kan náà. Kí páìpù tuntun tó dé, kí owó má baà máa lọ sí Detroit, wọ́n ní kí ilé ìsẹ́mi àtijọ́ ìlú máa fa omi odò Flint. Ọjọ́ 25, oṣù kẹrin, ọdún 2014 ni wọ́n yí i.

Omi odò kì í ṣe omi adágún. Kilóráìdì inú rẹ̀ ga. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì láti yọ́ yìnyín nígbà òtútù ń ṣàn sínú odò. Ní ilé ìsẹ́mi, ferric chloride ni wọ́n fi ń mú kí ìdọ̀tí inú omi para pọ̀ kó sì rọ̀ sísàlẹ̀, iṣẹ́ tí álọ́ọ̀mù ń ṣe níbòmíràn, èyí tún fi kún kilóráìdì náà. Àwọn onímọ̀ ìpẹtà páìpù kì í wo kilóráìdì nìkan, wọ́n máa ń fi í wé sọ́líféètì. Nínú omi Detroit, ìwọ̀n kilóráìdì sí sọ́líféètì jẹ́ nǹkan bí 0.45. Nínú omi Flint, ó di 1.6. Bí iye yìí bá ti ń kọjá nǹkan bí 0.5, ojú ibi tí wọ́n ti fi òjé jó páìpù bàbà pọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Síbẹ̀, kilóráìdì kọ́ ni olórí ọ̀ràn. Detroit máa ń fi fọ́síféètì sínú omi rẹ̀, èyí sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún di èèpá mọ́ inú páìpù òjé, tí omi kò fi kan òjé gan-an mọ́. Èèpá náà kì í dúró láéláé. Bí fọ́síféètì bá ti dáwọ́ dúró, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, yóò sì máa ya lẹ́ẹ́lẹ̀ẹ́lẹ̀. Flint kò fi fọ́síféètì kankan sínú omi odò. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka àyíká ìpínlẹ̀ ní kí ìlú kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́fà mẹ́fà lọ́nà méjì yẹ omi wò ná, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá a nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìlú tó ti ń mu omi olófọ́síféètì kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Ní oṣù kẹwàá 2015, ọ̀gá ẹ̀ka náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àṣìṣe ni àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣe.

Àmì kọ́kọ́ fara hàn lára irin, kì í ṣe lára òjé. Páìpù ńlá abẹ́ títì bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún, omi pọ́n, ó ń rùn. Ìpẹtà ń jẹ kilóríìnì, kilóríìnì tán nínú omi, kòkòrò àrùn sì ráyè. Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án 2014, wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò kan máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Ìlú fi kilóríìnì kún un. Kilóríìnì tó pọ̀ pàdé èérí ewéko inú omi odò, wọ́n di trihalomethane, ohun mìíràn tí òfin ní kó má kọjá 80 µg/L, omi Flint sì rú òfin yẹn náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, iléeṣẹ́ ẹ́ńjìnnì General Motors tó wà nílùú náà fi omi odò sílẹ̀ nítorí pé ó ń mú kí àwọn ẹ̀yà irin wọn dógùn-ún. Omi tó ń jẹ irin iléeṣẹ́ ni àwọn èèyàn ṣì ń mu nílé. Lọ́dún 2014 sí 2015, àrùn ẹ̀dọ̀fóró Legionnaires mú nǹkan bí 90 èèyàn ní àgbègbè náà, 12 sì kú.

Ìgò ìjọba

Òfin òjé àti bàbà tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1991 sọ pé kí wọ́n bu lítà kan, omi tútù, láti ẹ̀rọ ilé ìdáná tàbí ti ilé ìwẹ̀, lẹ́yìn tí omi bá ti dúró jẹ́ẹ́ nínú páìpù fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Omi àkọ́jáde ni, kò gbọdọ̀ ṣàn lọ. Lórí ìwé, ohun tó dára ni. Ìlànà tí wọ́n há fún àwọn onílé ló bà á jẹ́.

Ẹ wo èyí tó burú jù. Wọ́n ní kí onílé ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní alẹ́, kó tó fi omi sílẹ̀ kó dúró dàárọ̀. Ó jọ ìmọ́tótó. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbá omi tó ti pẹ́ nínú páìpù àti hóró òjé tó ti jábọ́ lára èèpá dànù. Omi tuntun ni yóò wọlé, wákàtí mẹ́fà péré ni yóò sì fi bá òjé gbé. Ilé tí ìyá àti bàbá ti lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀, tí ọmọ dé láti iléèwé tó sì kọ́kọ́ bu omi mu, kò ní irú ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún máa ń ní kí onílé tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Hóró òjé máa ń há sínú asẹ́ yìí, omi tó sì ń gba ibẹ̀ kọjá ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tú u, òjé yẹn kò ní sí nínú ìgò rẹ. Ìgò ọlọ́rùn tóóró ni ẹ̀kẹta: bí ẹnu ìgò bá há, kò sẹ́ni tí yóò ṣí ẹ̀rọ gbàà, kí omi má baà ta sí i lára. Omi tó ń sun tín-ín-rín kò lágbára láti ya èèpá. Omi tí wọ́n ń bu sí ìkòkò ọbẹ̀ kì í rọra jáde bẹ́ẹ̀, gbàà ni wọ́n ń ṣí i.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé tí wọ́n yàn. Òfin fẹ́ kí wọ́n dojú kọ ilé tí ewu pọ̀ sí, pàápàá èyí tí òjé jẹ́ páìpù àwọlé rẹ̀, ìyẹn páìpù tó gba láti ojú títì wọ ilé. Àkọsílẹ̀ páìpù ìlú Flint wà lórí káàdì bébà àtijọ́, ìlú kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilé òjé ni àwọn ilé tó yàn.

Ó kù síbi ìṣirò. Èsì ìlú kì í ṣe àròpọ̀ tí a pín. Wọ́n máa ń to èsì gbogbo láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, wọ́n á ka ìdá 90 nínú 100 rẹ̀, iye tó bá wà níbẹ̀ ni èsì ìlú. Ìgò 71 ni Flint kó jọ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ 2015. Nínú 71, ìgò 64 lórí ìlà ni ìdá 90 bọ́ sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ ìgò méjì kúrò, méjèèjì lára àwọn tó ga jù: wọ́n ní ọ̀kan kì í ṣe ilé gbígbé, wọ́n ní èkejì ní asẹ́ omi. Ó ku 69, ìdá 90 bọ́ sórí ìgò 62. Àtẹ̀gùn méjì péré ni èsì fi sọ̀ kalẹ̀, ó sì já láti òkè 15 sí 11. Ọ̀kan nínú ìgò méjì náà ka 104.

Ilé LeeAnne Walters

Ìgò tó ka 104 yẹn wá láti ilé LeeAnne Walters, obìnrin tó di ẹni mímọ̀ káàkiri lórí ọ̀ràn yìí, tó sì gba ẹ̀bùn Goldman, ti àwọn tó ń gbèjà àyíká, lọ́dún 2018. Oṣù kejì 2015 ni wọ́n bu ún. Ní oṣù kẹta, 397. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ sọ pé páìpù inú ilé rẹ̀ ló fà á. Páìpù inú ilé náà, rọ́bà ni. Rọ́bà kò lè mú òjé tó pọ̀ tó yẹn jáde, nítorí náà òjé náà ti ìta wá. Miguel Del Toral, òṣìṣẹ́ àjọ ààbò àyíká orílẹ̀-èdè náà, EPA, ló fojú sí èyí. Nígbà tí wọ́n hú páìpù àwọlé náà, apá kan rẹ̀ jẹ́ òjé, apá kan jẹ́ irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Àkópọ̀ yìí ló léwu jù, nítorí òjé tó ń yọ́ lókè ń lẹ̀ mọ́ ìpẹtà irin nísàlẹ̀, ó ń jọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ tí ìpẹtà bá ya, òjé ọdún pípẹ́ á bá a jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Wọ́n bu ìgò bí ọgbọ̀n nílé yẹn fún Virginia Tech láìkọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n sì yí bí omi ṣe ń jáde padà: tín-ín-rín, déédéé, gbàà. Kò sí ìgò kan tó dín ní 200. Èyí tó ga jù ka 13,200. Ní Amẹ́ríkà, omi ìdọ̀tí tó bá ti ní 5,000 nínú, ìdọ̀tí eléwu ni wọ́n ń pè é lábẹ́ òfin. Ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, Del Toral kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé pé Flint kò fi ohun tó ń dènà ìpẹtà sínú omi rárá. Ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ akọ̀ròyìn. Ní oṣù keje, agbẹnusọ ẹ̀ka àyíká ìpínlẹ̀ ní kí àwọn ará ìlú fọkàn balẹ̀.

Ìgò mẹ́ta

Ọ̀jọ̀gbọ́n Marc Edwards ti Virginia Tech ti rí irú rẹ̀ rí. Ní Washington, láti ọdún 2001 sí 2004, lẹ́yìn tí ìlú yí oògùn omi rẹ̀ padà sí chloramine, òjé ya lára páìpù, ìjọba sì pẹ́ kó tó jẹ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ 2015, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi àpò ìbumi 300 ránṣẹ́ sí Flint. Àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú ló pín in láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n kọ́ àwọn onílé bí wọn yóò ṣe bù ú, wọ́n sì gbà á padà.

Ìgò mẹ́ta ló wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ìlànà rẹ̀ sì rèé. Kí omi dúró fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, láìkọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀. Bu lítà kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o ṣí ẹ̀rọ gbàà. Jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú àáyá 45, bu ààbọ̀ lítà. Jẹ́ kó tún ṣàn fún ìṣẹ́jú méjì, bu mílílítà 125. Bí ìgò bá ti dé yàrá ìwádìí, wọ́n á da ásíìdì nitric sínú ìgò náà gan-an, ìdá 2 nínú 100, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán kí hóró òjé lè yọ́ tán, kó tó wọ inú ẹ̀rọ ICP-MS tó ń ka òjé. Tí a bá kọ́kọ́ da díẹ̀ lára omi náà sínú ife mìíràn kí ásíìdì tó wọ̀ ọ́, hóró á kù mọ́ ara ìgò, èsì á kéré.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Ìgò kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ ibi kan lára páìpù. Páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 13 ń gba nǹkan bí lítà 0.13 nínú mítà kan. Lítà àkọ́kọ́ yóò jẹ́ omi mítà méje àtààbọ̀ tó sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Bí inú rẹ̀ bá fẹ̀ tó mílímítà 19, lítà 0.28 ni, lítà àkọ́kọ́ kò wá ju mítà mẹ́ta àtààbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ìgò àkọ́kọ́ ń fi idẹ ẹnu ẹ̀rọ àti ibi tí wọ́n fi òjé jó páìpù nínú ilé hàn. Omi tó sùn nínú páìpù àwọlé kò tíì dé. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ni wọ́n fi ń lépa ìyẹn. Ìgò kẹta ń sọ bí omi ṣe rí lẹ́yìn tó ti ṣàn dáadáa. Ìgò kan ṣoṣo tí òfin ń béèrè ń fo páìpù òjé ní ọ̀pọ̀ ilé, ó sì yani lẹ́nu pé òfin tí wọ́n ṣe nítorí òjé fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti 1991.

Nígbà tí wọ́n ti ka ilé 252, ìdá 40 nínú 100 kọjá 5 µg/L, ìdá 90 sì wà ní 25. Nígbà tó di ilé 269, ó di 26.8, òun ni wọ́n ń pè ní 27. Ilé kan wà tí ìgò rẹ̀ tí wọ́n bù lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 45 kọjá 1,000. Ẹni tó bá ti gbọ́ pé kéèyàn ṣáà jẹ́ kí omi ṣàn díẹ̀ kó tó mu ún, kó wo ilé yẹn dáadáa: ìṣíṣàn yẹn gan-an ló fa omi inú páìpù àwọlé wá sínú ife. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n tún fi omi Flint àti omi Detroit sínú páìpù bàbà tí wọ́n fi òjé jó. Òjé tí omi Flint fà jáde jẹ́ ìlọ́po 19.

Àwọn aláṣẹ ní àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni Virginia Tech bu omi ilé wọn, pé èsì irú wọn kò lè ṣojú ìlú. Àríwísí náà ní ìdí, ẹni tí omi rẹ̀ pọ́n ni yóò yára gba ìgò. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ ìlú kì í ṣe ilé tó ṣojú gbogbo ìlú, ilé tí ewu pọ̀ sí ni. Virginia Tech kò ṣa ilé òjé yọ, síbẹ̀ iye tirẹ̀ ju ti ìlú lọ ní ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá ṣà á, kò ní wálẹ̀.

Wọn kò dúró de ìwé ìròyìn ìmọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 15, oṣù kẹsàn-án, níwájú gbọ̀ngàn ìlú Flint, Edwards àti àwọn ará ìlú ka èsì náà ní gbangba. Ní àwọn yunifásítì, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lórí bóyá ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, èsì tó kan omi tí ọmọdé yóò mu lálẹ́ ọjọ́ náà kò lè dúró de àyẹ̀wò oṣù mẹ́fà, níwọ̀n ìgbà tí a bá gbé ìlànà ìbumi àti iye orí ìgò kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, dókítà àwọn ọmọdé, Mona Hanna-Attisha, ti ilé ìwòsàn Hurley, gbé èsì òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jáde. Nínú ìwádìí tí wọ́n wá tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, kí omi tó yí, ìdá 2.4 nínú 100 wọn ló ní òjé tó tó 5 µg nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Lẹ́yìn tí omi yí, 4.9. Ìjọba ní irú àkọsílẹ̀ kan náà lọ́wọ́, wọn kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n fi pín àwọn ọmọ, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ Flint sì kó ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀yìn ìlú tí kò mu omi Flint rárá mọ́ra. Àwọn ọmọ tó ń mu omi Detroit ló bo ti àwọn tó ń mu omi odò mọ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí náà fi àdírẹ́sì ilé kọ̀ọ̀kan sórí máàpù, wọ́n yọ àwọn ará ìta, wọ́n sì fi oṣù wé oṣù kan náà, nítorí òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé máa ń lọ sókè fúnra rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọjọ́ 16, oṣù kẹwàá 2015, Flint padà sí omi Detroit.

Lẹ́yìn tí omi padà

Omi dára, páìpù kò tíì san. Láti oṣù kejìlá ni ìlú ti ń fi fọ́síféètì kún èyí tó wà nínú omi Detroit, ṣùgbọ́n fọ́síféètì kò lè di èèpá mọ́ páìpù tí omi kò gbà kọjá. Ẹ̀rù ti ba àwọn èèyàn, omi inú ọ̀rá àti inú ìgò ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ dákẹ́. Ní oṣù karùn-ún 2016, wọ́n bẹ àwọn onílé pé kí wọ́n máa ṣí ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀ àti ti ilé ìdáná gbàà fún ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ 14. Ìṣẹ́jú márùn-ún kan náà tó bo òjé mọ́lẹ̀ nínú ìgò ìjọba wá di oògùn fún páìpù. Ní ìdajì kejì ọdún 2016, ìdá 90 wálẹ̀ sí 12.

Òfin náà yí. Ní oṣù kejì 2016, EPA ní kí wọ́n má ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ ṣáájú mọ́, kí wọ́n má tú asẹ́, kí wọ́n lo ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò. Lọ́dún 2021, wọ́n ní nílé tí páìpù àwọlé rẹ̀ jẹ́ òjé, kí wọ́n bu ìgò lítà kan kan ní ìtòtẹ̀lé láìti ẹ̀rọ, kí wọ́n sì ka lítà karùn-ún náà. Ìṣirò mítà tó wà lókè ló bí lítà karùn-ún yẹn. Lọ́dún 2024, wọ́n gbé ìlà sọ̀ kalẹ̀ láti 15 sí 10.

Ó ku kí wọ́n hú páìpù òjé, kò sì sẹ́ni tó mọ ilé tó wà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Michigan kọ́ kọ̀ǹpútà láti fi ọdún tí wọ́n kọ́ ilé, iye owó ilé, ibi tó wà àti káàdì àtijọ́ gbé ìṣirò pé ilé báyìí ni òjé wà. Títí di ìparí 2017, nínú ilé mẹ́wàá tí wọ́n bá gbẹ́, méje ló ní páìpù tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀. Lọ́dún 2018, agbaṣẹ́ṣe tuntun dé, ìlú ní kó gbẹ́ ilé gbogbo bó bá ṣe tò, kò gbọdọ̀ fo ẹnikẹ́ni. Nínú 100, nǹkan bí 15 péré ló wá ń bọ́ sí i. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́, owó ló ń lọ. Lọ́dún 2019, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, wọ́n padà sí ìṣirò kọ̀ǹpútà. Ní oṣù keje 2025, ìpínlẹ̀ sọ fún ilé ẹjọ́ pé iṣẹ́ náà ti parí, páìpù bí 11,000 ni wọ́n hú. Èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Idẹ ẹnu ẹ̀rọ àti ojú ibi tí wọ́n fi òjé jó bàbà nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1986, tí òfin fi de irú òjé bẹ́ẹ̀, ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Fọ́síféètì kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró nínú omi wọn.